Ìtàkùn adíkálà mi ń pàdánù funfun ara rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òdòdó. Nínú oṣù kẹta ni mo ra ìtàkùn kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ewé rẹ̀ rí bí ewé ìyẹré gẹ́lẹ́, àmọ́ funfun àti àwọ̀ ewéko dà pọ̀ lójú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun wọ́n ọn. Ọmọ náà ní money plant ni, pé èyí tó lẹ́wà jù nínú wọn, Marble Queen, lòun fún mi yìí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn ni mo gbé e sí.

Nígbà tí mo rà á, ewé mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní funfun. A ti wà nínú oṣù kẹwàá báyìí, ó ti gùn dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ewé mẹ́fà tó yọ kẹ́yìn kò ní funfun kankan. Ewéko lásán! Wọ́n tún kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àlàfo tó wà láàárín ewé kan sí èkejì sì ti gùn tó ìka ọwọ́ mi. Lánàá ni mo wá rí i pé ewé méjì nísàlẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn.

Mi ò fi omi dù ú o. Àràárọ̀ ni mò ń bu ife kan fún un. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Àràárọ̀ kẹ̀? Ṣé ìrẹsì àkùrọ̀ ni?

Ìkòkò wo lẹ gbìn ín sí? Ṣé ihò wà nídìí rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Bàbá mi, ẹ má bínú o. Ìkòkò tánganran aláwọ̀ búlúù kan ni. Kò ní ihò. Kí omi má baà ba kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ni mo ṣe yan ìyẹn.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Ẹ yọ ọ́ jáde lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé gbòǹgbò rẹ̀ sí imú. Bó bá ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sílẹ̀ fún fùfú, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Gbòǹgbò tó dáa máa ń funfun, tàbí kó dà bí àwọ̀ igi gbígbẹ, ó sì máa ń le tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti jẹrà á dúdú, awọ rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, á wá ku okùn tín-ín-rín kan láàárín. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ìyẹn dànù, ẹ má ṣàánú ẹ̀.

Gbòǹgbò ń mí, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí. Inú àlàfo kéékèèké tó wà nínú erùpẹ̀ ló ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo yẹn láràárọ̀, tí kò sì ríbi jáde, ẹ ti rì í sómi nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jàre nípa omi, òun ló mú kí ewé ìsàlẹ̀ pọ́n. Àmọ́ omi kọ́ ló gba funfun lára rẹ̀. Ọ̀ràn méjì ló wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìmọ̀ ọ̀gbìn ni mò ń kọ́ níbí. Nǹkan tó ń fún ewé ní àwọ̀ ewéko là ń pè ní chlorophyll, òun náà ni ewé fi ń se oúnjẹ láti ara ìmọ́lẹ̀. Ojú ibi tó funfun lára ewé yín kò ní in. Ibẹ̀ kì í dáná, ó kàn ń jẹun ni. Ewé tó bá funfun dé ìdajì, ìdajì kejì ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ odindi. Ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wà dáadáa, kò sí wàhálà, oúnjẹ á kárí. Ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn, apá ìtàkùn kò ká a láti bọ́ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tó bá ní ewéko jù lá máa yára dàgbà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gba ilé mọ́ ẹ̀ka adíkálà lọ́wọ́. Àlàfo tó ń gùn yẹn náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń na ọrùn wá kiri.

Erékùṣù Mo'orea nítòsí Tahiti, nínú Òkun Pàsífíìkì, ni ìtàkùn yìí ti wá. Ní 1880 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ọ̀gbìn pẹ̀lú orúkọ Pothos aureus, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn ṣì fi ń pè é ní pothos, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Epipremnum aureum ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Abẹ́ igi ńlá ló ń gbé nínú igbó, ó ń gun igi lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Torí náà, kò fẹ́ kí oòrùn ọ̀sán gangan lé e lórí, kò sì fẹ́ òkùnkùn.

Àǹtí Òdòdó, Ìkẹ́rẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n fi ọgbọ́n kan hàn yín, mi ò ní gba owó. Lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ tẹ́ bébà funfun síbi tí ìkòkò náà wà, kí ẹ na ọwọ́ yín sókè díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn fírífírí, tí etí rẹ̀ ò mú, ibẹ̀ dáa. Bí òjìji náà bá dúdú, tí ẹ lè ka ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan, oòrùn ti pọ̀ jù, ojú funfun yẹn á jóná, á di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ ò bá rí òjìji kankan, ebi ló ń pa á.

Kí ẹ tó gbé e lọ sídìí fèrèsé, ẹ kọ́kọ́ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yín. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dì fún ọdún mẹ́ta, bíi kọ́tìnì ló rí. Mo fọ tèmi lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi béèrè bóyá mo pààrọ̀ gílóòbù ni.

Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí oòrùn àárọ̀ kì í le.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ẹ tún fi ti oṣù sí i, Àǹtí. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn kì í gba ojú kan náà kọjá láti January dé December. Nígbà òjò, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkeje, apá àríwá ló máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Tí ọyẹ́ bá dé, á ti yí sí gúúsù, á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, á sì máa yọjú wọ fèrèsé gúúsù. Ẹni tó gbé òdòdó sídìí fèrèsé gúúsù nínú oṣù kẹfà, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, lè rí i tí ewé ń jó nínú oṣù kejìlá, kó máa rò pé ẹnì kan ló wo ó níwòkuwò.

Dẹ́rẹ́bà Òmùò

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé tó bá kú, owó ti tán nílé nìyẹn? Ìyàwó mi ò jẹ́ n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tísà Ìjerò

Tèmi ò kú o, ó gun òrùlé gan-an. Owó oṣù ò tíì wọlé.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

😂 Tísà, Ọlọ́run á ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Mo ti yọ ọ́ jáde. Bàbá, òórùn náà ò kéré! Ọkọ mi bèèrè lọ́wọ́ mi láti yàrá bóyá mo rẹ ẹ̀gẹ́. Ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ló ti dúdú, mo ti gé e. Ìdajì tó kù le, ó funfun. Inú kí ni kí n gbìn ín sí báyìí? Mo fẹ́ràn ìkòkò búlúù yẹn o, ẹ má ní kí n sọ ọ́ nù.

Àǹtí Òdòdó, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wá rọ́bà kékeré kan tó lè wọ inú rẹ̀, rọ́bà ọ̀dà náà ṣe é lò tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sídìí rẹ̀. Inú rọ́bà lẹ máa gbin ìtàkùn sí, ẹ wá gbé rọ́bà sínú tánganran. Tí ẹ bá fẹ́ bomi rin ín, ẹ gbé rọ́bà lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ dà á títí omi á fi máa jò nídìí, ẹ jẹ́ kó ro tán, kí ẹ tó dá a padà. Àlejò á máa wo tánganran, gbòǹgbò á máa mí.

Kí rọ́bà náà má tóbi jù o. Ó ti pàdánù ìdajì gbòǹgbò, erùpẹ̀ púpọ̀ á kàn máa gba omi dúró tí kò sẹ́ni tó máa mu ún.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Ti erùpẹ̀: ẹ má lo èyí tí ẹ gbẹ́ lẹ́yìn ilé nìkan, á dì bí ògiri. Ẹ wá ilẹ̀dú igbá méjì, èèpo ìrẹsì igbá kan, irun àgbọn tí ẹ ya wẹ́wẹ́ igbá kan, kí ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ èédú tí ẹ fọ́ sí wẹ́wẹ́ lé e. Ti èèpo ìrẹsì, ẹ wá sí Ìgbẹ́mọ, òkìtì rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sá a gbẹ, torí hóró ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á hù sí yín nínú ìkòkò. Mo rí ìyẹn rí, mo bomi rin ìrẹsì fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀.

Ẹ pa ife yẹn tì. Ìka lẹ ó máa lò. Ẹ ti ìka ìlábẹ̀ bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ títí débẹ̀, ẹ bomi. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún, ó lè tó mẹ́wàá.

Tísà Ìjerò

Wọ́n ò tíì dáhùn èyí tó ṣe pàtàkì: kí ni kó ṣe sí ewé mẹ́fà tó ti di ewéko? Èmi lóhùn-ún, mo ní kí wọ́n má gé e. Ohun tó ń dàgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí kò ṣàìsàn, kí ló dé tí èèyàn á fi gé e?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ẹ dákun, Tísà, funfun mélòó ló kù lára tiyín?

Tísà Ìjerò

Kò sí. Láàárín ọdún kan, gbogbo rẹ̀ ti di ewéko. Àwọn èèyàn ń bi mí ìgbà tí mo ra òmíràn. Mi ò bínú sí i ṣá, ó gun ògiri dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ń fẹ́ funfun gbọ́dọ̀ gé e. Ìyá Ìbejì, ẹ tẹ̀ lé ara ìtàkùn láti orí padà wá sísàlẹ̀, kí ẹ máa wo igi rẹ̀ gan-an, ẹ má wo ewé nìkan. Ẹ ó rí ibi tí ìlà funfun wà lára igi náà, bí abilà. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ojú kan wà ní abẹ́ ìdí ewé, bí ojú iṣu, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Bí ìlà funfun bá gba ojú yẹn kọjá, ẹ̀ka tó máa yọ níbẹ̀ lè ní funfun dáadáa. Bí igi ibẹ̀ bá jẹ́ ewéko lásán, ewéko lásán ló máa bí. Ẹ gé e lókè oríkèé tó ní abilà, ẹ fi nǹkan bí ìdajì ìka sílẹ̀ lókè rẹ̀.

Ẹ má sì lépa funfun ju bó ṣe yẹ. Ẹ̀ka tó bá funfun látòkèdélẹ̀ kò lè bọ́ ara rẹ̀, á gbẹ dànù nígbà tó bá yá.

Àǹtí Òdòdó, Ìkẹ́rẹ́

Kí ẹ sì má da èyí tí ẹ gé nù! Ẹ pín in sí kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé kan àti oríkèé kan, ó kéré tán. Ibi oríkèé yẹn, ẹ ó rí gbòǹgbò kékeré tó rí bí èékánná, dúdú fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló gbọ́dọ̀ wọ inú omi. Ewé ò gbọ́dọ̀ wọ omi, á jẹrà. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní àwọ̀ ló dáa jù, torí ewédò kì í tètè hù nínú rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò funfun á ti yọ.

Ewé lásán tí kò ní oríkèé, bó bá tilẹ̀ yọ gbòǹgbò, á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Kò lè bí ọmọ.

Àbúrò Wọn, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta èso monstera adíkálà, òdòdó tí ihò máa ń wà lára ewé ńlá rẹ̀ yẹn, ogún èso fún owó táṣẹ́rẹ́. Ṣé kí n rà á?

Àǹtí Òdòdó, Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò mi, fi owó rẹ ra iyán jẹ. Mo ti rà á rí. Ogún èso dé, méje hù, mo ń pè wọ́n ní ọmọ mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó hàn pé ata ni. Ata wẹ́wẹ́! Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ó ti dí mi lójú ọ̀nà.

Adíkálà yìí kì í sábà gba inú èso kọjá. Gígé là ń gé e láti ara ìyá, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ẹ tún ṣọ́ra fún òdòdó mìíràn tí ewé rẹ̀ pọ́n bíi ròósì, tí wọ́n ń pè ní Pink Congo. Kẹ́míkà ni wọ́n fi sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gbogbo ewé tó bá ń yọ á di ewéko, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tó máa dá a padà.

Dẹ́rẹ́bà Òmùò

Ewúrẹ́ mi jẹ díẹ̀ lára tèmi lánàá, ó ń da itọ́, ó ń fi ẹnu nu ilẹ̀. Ṣé á kú?

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Ẹ fún un lómi, ẹ gbé ìyókù kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá lè jẹun títí di ọ̀la, ẹ pe dókítà ẹran.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ìdílé kan náà ni ìtàkùn yìí àti kókò ti wá. Ẹni tó bá jẹ kókò tí kò jinná rí mọ bó ṣe ń yún ọ̀fun. Ohun kan náà ló wà nínú ewé yìí, kírísítálì kéékèèké tó mú bí abẹ́rẹ́, calcium oxalate lorúkọ rẹ̀. Tí èèyàn bá ti bu ewé náà jẹ, wọ́n á gún un lẹ́nu àti ní ọ̀fun. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ síbi tí ọwọ́ wọn tó. Bí ọmọ bá bù ú jẹ, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un lómi tútù. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni, ẹ má fi epo pupa ṣeré.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Yé! Ẹ ṣé o. Mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé e kọ́.

Tísà Ìjerò

Ẹ má gbé e kọ́, ẹ jẹ́ kó gun igi. Èyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Tí mo bá jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, ewé rẹ̀ ń kéré sí i ni. Ìgbà tí mo fún un ní igi gùn, ewé tuntun fi ìlọ́po méjì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo là ọparun, mo fi irun àgbọn wé e nípọn, mo fi okùn rọ́bà so ó. Mo máa ń da omi díẹ̀ sórí irun àgbọn yẹn, kó lè tutù, torí ibi tó bá tutù ni gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ mọ́. Ọparun gbígbẹ lásán, kò ní dì í mú.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú àná o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ọyẹ́ dáadáa. Lórí òkè wa níbí, tí ọyẹ́ bá dé, ètè ń là, ewé náà ń là. Ibi tó funfun ló kọ́kọ́ ń gbẹ létí. Mo máa ń kó ìkòkò mi jọ sójú kan, márùn-ún, mẹ́fà, kí wọ́n máa fi ọ̀rinrin ara wọn tu ara wọn lára. Mo tún ń gbé abọ́ omi sáàárín wọn. Mi ò kí ń fọ́n omi sí wọn lára mọ́, torí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti gbẹ. Ẹ má sì gbé e sí iwájú fáànù.

Eruku ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó lọ́rinrin nu ojú ewé, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ń nù ún, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kòkòrò tó rí bí òwú funfun máa ń sá pamọ́ sí ìdí ewé. Òwú tí a fi sípíríìtì rẹ ni mo fi ń yọ wọ́n. Fún àwọn kéékèèké tó ń ta okùn bíi aláǹtakùn, omi ọṣẹ ni, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án lẹ́yìn náà.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ má sì fún èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹrà rárá. Tí òjò bá padà dé, ìdajì ṣíbí tíì NPK 15-15-15 nínú omi lítà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ yẹra fún un. Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń yìn ín níbi gbogbo, àmọ́ nínú ìkòkò, jíjó ló ń jó gbòǹgbò.

Àbúrò Wọn, Adó-Èkìtì

Wọ́n ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé

Ìwádìí NASA, àjọ ìmọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, ti 1989 lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Pálọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí tó ń pa kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣí fèrèsé.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo gé e bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Ó wá ku ewé mẹ́rin lórí igi kúkúrú kan, ọkọ mi ní ó jọ adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́. Mo gbé e sídìí fèrèsé ìlà oòrùn ní yàrá wa, mo fọ nẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò ṣe nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo bomi rin ín.

Láàárọ̀ òní, ojú kan là lábẹ́ ìdí ewé kejì. Ewé náà ṣì ká jọ bí ẹní, kò tíì tó ìka ọmọ ọwọ́, àmọ́ mo rí ìlà funfun méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín.

Àwọn tí mo gé sínú ìgò, márùn-ún nínú méje ti yọ gbòǹgbò. Bàbá Àgbẹ̀, mò ń bọ̀ wá kó èèpo ìrẹsì ní Satidé, màá mú ọ̀kan bọ̀ fún yín.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìgbẹ́mọ

Ẹ mú èyí tó funfun wá o. Ewéko pọ̀ lóko mi.

Tísà Ìjerò

Èmi ńkọ́?